Ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún ń wá ojú tá a mọ̀: bí ìwé Foundation ṣe di síríìsì

Lẹ́yìn nǹkan bí 30 ọdún tí Isaac Asimov, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ nípa sáyẹ́ǹsì, ti pa ìtàn Foundation tì, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé rẹ̀ jáde rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà láti kọ òmíràn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó jókòó, ó tún ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti kọ látijọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ lẹ́yìn náà pé bí òun ṣe ń kà á lọ ni ara òun kò lélẹ̀ mọ́. Ó ń retí kí nǹkan ṣẹlẹ̀, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Láti páálí iwájú dé páálí ẹ̀yìn, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń ronú, wọ́n ń fọ̀rọ̀ wérọ̀. Kò sí ìjà tá a fojú rí, kò sí eré àsápajúdé.

Ìwé yìí kan náà ni Apple ń náwó nára lé lórí láti sọ di síríìsì láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Síísìn kejì jáde ní 2023. Ìkẹta bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tó sì fi parí ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti kéde pé ìkẹrin ń bọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí síísìn tuntun bá dé ni awuyewuye àtijọ́ máa ń gbérí: àwọn tó ti ka ìwé á ní èyí kọ́ ni ohun tí àwọn kà, àwọn tí kò kà á á sì máa bi wọ́n pé ewo ni tiyín, ṣé eré náà ò dùn ni? Ẹni tó bá ti ka Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá kó tó wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe ní 1997 á mọ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ti Foundation le ju ìyẹn lọ. Ìwé náà ta ko tẹlifíṣàn láti ìpìlẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo àyípadà tí wọ́n ṣe sí i ti ṣàn wá, èyí tó dáa níbẹ̀ àtèyí tí kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwé náà. Abúlé Petrovichi ní Rọ́ṣíà ni wọ́n bí Asimov sí ní 1920, ọmọ ọdún mẹ́ta sì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e dé Amẹ́ríkà. Brooklyn ló dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta súìtì àti ìwé ìròyìn, orí àtẹ ibẹ̀ ni ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn magasíìnì tó kún fún ìtàn àròsọ nípa sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, ó ń lọ bá John W. Campbell, olóòtú magasíìnì Astounding, kò sì tíì mọ ìtàn tí òun fẹ́ gbé lọ fún un. Ó ti ka ìwé ńlá tí Edward Gibbon kọ lórí bí ìjọba Róòmù ṣe wó lulẹ̀. Èrò kan wá sí i lọ́kàn: bí ìjọba bẹ́ẹ̀ bá tóbi dé inú ìràwọ̀ ńkọ́, tí òun náà wá ń wó? Ìtàn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1942, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e títí di 1950. Gnome Press kó wọn jọ sínú ìwé mẹ́ta ní 1951, 1952 àti 1953. Ní 1966, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Hugo gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ ìwé tó dára jù lọ láti ọjọ́ tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti wà.

Nínú ìtàn náà, Hari Seldon, onímọ̀ ìṣirò kan ní Trantor tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ọ̀hún, ló ṣe ìṣirò pé ìjọba tó ti wà fún 12,000 ọdún máa tó dàrú, òkùnkùn 30,000 ọdún ló sì máa tẹ̀ lé e. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dá ìṣubú náà dúró. Àmọ́ tí wọ́n bá kó àwọn ọ̀mọ̀wé lọ sí ibi jíjìnnà réré kan tí wọ́n ń pè ní Terminus, tí wọ́n sì tẹ̀ lé ètò rẹ̀, 1,000 ọdún péré ni òkùnkùn náà máa jẹ́.

Onímọ̀ kẹ́mísírì ni Asimov, inú iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ti fa ìmọ̀ tí Seldon ń lò yọ. Ẹ̀yà afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa yà sí. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá kún inú àpótí, a lè ṣírò ohun tó máa ṣe láìṣe àṣìṣe. Bákan náà ni kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí ìyá kan máa rà lọ́jà Bódìjà lọ́la, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tí owó tòmátì máa dà tí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ohun méjì ni ìṣirò náà nílò: kí èèyàn pọ̀ rẹpẹtẹ, kí wọ́n má sì mọ ohun tí wọ́n ti ṣírò nípa wọn. Paul Krugman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008, ti sọ ọ́ létí ayé pé torí pé òun fẹ́ dà bíi Seldon lòun ṣe lọ kọ́ nípa ọrọ̀ ajé, torí ìyẹn ló sún mọ́ ọn jù.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí èrò yìí ṣe fún ìtàn. Tó bá jẹ́ pé ogunlọ́gọ̀ èèyàn nìkan ló ń yí ayé padà, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo kò já mọ́ nǹkan. Asimov kò sì bẹ̀rù láti tẹ̀ lé èrò náà dé òpin. Bí apá àkọ́kọ́ bá ti parí, Seldon ti kú. Nígbà tí apá kejì máa bẹ̀rẹ̀, 50 ọdún ti kọjá, Salvor Hardin, olórí ìlú Terminus, ló wà níbẹ̀. Ó tún fò, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò, ó tún fò, ó kan Hober Mallow. Ẹni tó o bá fẹ́ràn ní apá kan ti di orúkọ tí wọ́n ń pè níbi ayẹyẹ ní apá tó kàn. Olú ẹ̀dá-ìtàn kò sí. Ètò Seldon gan-an ni olú ẹ̀dá-ìtàn, ta ni yóò sì ya fọ́tò ètò?

Tẹlifíṣàn kò lè gba èyí. Ojú ni tẹlifíṣàn ń tà. Ohun tó ń mú èèyàn padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó kàn, tó sì ń jẹ́ kó máa san owó oṣù, ni pé ó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe máa rí fún ẹnì kan tó ti mọ̀. Eré tí gbogbo òṣèré inú rẹ̀ ń kú ní gbogbo apá kejì kò ní í dé síísìn kejì. Ìdí nìyí tí Foundation fi há sọ́wọ́ Hollywood fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé-iṣẹ́ fíìmù New Line gbìyànjú rẹ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀. Ní 2009, Sony gbé e fún Roland Emmerich kó fi ṣe fíìmù, kò jáde. Jonathan Nolan gbé e lọ sí HBO ní 2014. Kò jáde náà. Ẹni kan ṣoṣo tó ti rí i ṣe kí Apple tó dé ni rédíò BBC, tó ṣe é ní apá mẹ́jọ ní 1973. Kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí ìwé tó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ ẹnu, ilé rẹ̀ ni rédíò.

David S. Goyer, tó wà lára àwọn tó kọ fíìmù Batman Begins, ni Apple wá gbé iṣẹ́ náà fún ní 2018, òun àti Josh Friedman, tó kúrò níbẹ̀ kí eré tó jáde. Robyn Asimov, ọmọ òǹkọ̀wé náà, wà lára àwọn tí orúkọ wọn hàn gẹ́gẹ́ bí olóòtú àgbà. Ireland, ní Limerick, ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ààfin àti ọkọ̀ òfuurufú wọn sí. Kòrónà dá wọn dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìparí ọdún kan náà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Goyer ní láti dáhùn: báwo ni òṣèré kan náà ṣe máa wà nínú ìtàn tó ń fo 100 ọdún lẹ́ẹ̀kan? Ọ̀nà mélòó kan ló gbà dáhùn rẹ̀, wọn kò sì gbé ara wọn rárá.

Èyí tó dára jù ni ti ọba. Nínú ìwé àkọ́kọ́, èèyàn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọba náà sójú. Òkèèrè là ń gbúròó rẹ̀. Orúkọ Cleon ni Goyer mú nínú àwọn ìwé Asimov, ó wá fi kún un láti inú ara rẹ̀: Cleon Kìíní pàṣẹ kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà òun, kí ẹ̀dà náà sì máa jọba títí láé. Mẹ́ta ló ń wà láàfin lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń pe ọ̀dọ́ ní Ìdájí, èyí tó wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀sán, arúgbó ní Àṣálẹ́. Bí Àṣálẹ́ bá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ tuntun jáde. Cassian Bilton, Lee Pace àti Terrence Mann ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní síísìn kejì, Cleon ìkẹtàdínlógún ló ń jọba. Ní ìkẹta, ó ti di ìkẹrìnlélógún. Lee Pace náà la ṣì ń wò.

Ohun tó mú un dùn ni pé ojú kan náà ni, ìwà kan náà kọ́. Ọ̀kan rorò, ọ̀kan fẹ́ fẹ́yàwó kó lè fòpin sí ẹ̀dà ṣíṣe, èyí tó wà ní síísìn kẹta ti sú ìtẹ́, ààfin ló fẹ́ sá kúrò. Ìjọba tó ń wó, tó sì ń fi ojú àná bojú, a kì í gbọ́ ọ lẹ́nu onímọ̀ ìṣirò mọ́, a ń rí i lára ọkùnrin kan tó ń bẹ̀rù dígí. Asimov kò kọ ọ́ rí. Síbẹ̀, nínú gbogbo eré náà, ohun tó sún mọ́ èrò Asimov jù lọ nìyẹn, pé ìjọba ti rà láti inú kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣẹ́gun rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Demerzel wà, róbọ́ọ̀tì tí kì í kú, tó ti sin gbogbo wọn. Nínú ìwé tí Asimov kọ ní 1988, ọkùnrin ni Demerzel ní ìrísí. Laura Birn ló ń ṣe é báyìí, mo sì lè sọ pé òun ni mo ṣe ń wo eré náà.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí. The Man in the High Castle, ìwé tí Philip K. Dick kọ ní 1962, ròyìn ayé tí Jámánì àti Japan ti borí nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n sì pín Amẹ́ríkà. Amazon ṣe é fún síísìn mẹ́rin láti 2015 sí 2019. John Smith, ọ̀gágun ará Amẹ́ríkà tó di Násì, tí àwọn òǹwòran kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀, kò sí nínú ìwé rárá. Nínú ìwé, ìwé ìtàn kan wà tí ìjọba fòfin dè, tó ń sọ pé àwọn yòókù ló borí. Nínú eré, wọ́n sọ ọ́ di fíìmù. Wọ́n gbọ́n níbẹ̀: kí lèèyàn máa wò lára ẹni tó ń kàwé?

Ọ̀nà kejì tí Goyer gbà ni oorun. Gaal Dornick, ọ̀dọ́ onímọ̀ ìṣirò tó ń bá Seldon ṣiṣẹ́, àti Salvor Hardin sùn nínú ẹ̀rọ tó ń mú ara tutù, wọ́n sì jí lẹ́yìn ohun tó lé ní 100 ọdún láìgbó sí i. Ó jẹ́ kí òṣèré wà, òótọ́ ni, àmọ́ ó ti pọ̀ jù. Nígbà tó bá di ìgbà kẹta tí ẹnì kan máa sùn kó lè bá ìtàn pàdé níwájú, èèyàn ti ń rí ọwọ́ òǹkọ̀wé lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Ìkẹta, Seldon fúnra rẹ̀. Jared Harris ló ń ṣe é, irú òṣèré bẹ́ẹ̀ kò sì ṣe é lé lọ lẹ́yìn apá méjì. Wọ́n wá fi ọpọlọ rẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Ó ń jáde, ó ń bá èèyàn jiyàn, ó ń bínú, ó ń kábàámọ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá ń wò ó. Nínú ìwé, Seldon ti kú, ó kú pátápátá. Ohun tó fi sílẹ̀ ni àwọn àwòrán tó ti gbà sílẹ̀ kó tó kú, tí ń ṣí fúnra wọn ní ọjọ́ tó ti ṣírò. Arúgbó kan lórí kẹ̀kẹ́ arọ á yọ, á sọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò lè rí, á sì pòórá. Wọn kò lè bi í ní ìbéèrè kankan. Ìgbà kan wà tí gbogbo Terminus péjọ láti gbọ́ ọ nígbà tí ọ̀tá ti dé ẹnu ibodè, tí arúgbó náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbàlẹ̀ ọkàn sọ̀rọ̀ nípa ìjà mìíràn tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹ̀rù tó wà nínú ojú ewé yẹn kò ṣe é kó sínú ẹ̀rọ tó lè dáhùn.

Ariwo tó pọ̀ jù nígbà tí síísìn kìíní jáde dá lórí obìnrin. Ọkùnrin ni Gaal àti Salvor nínú ìwé. Nínú eré, Lou Llobell àti Leah Harvey ló ṣe wọ́n. Èmi ò rí ìjà níbẹ̀. Ìwé 1951 yẹn, obìnrin kan ṣoṣo tó sọ̀rọ̀ tó ní láárí nínú rẹ̀ ni ìyàwó olórí ìlú Korell, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń fi ẹnu gún ọkọ rẹ̀ lára. Asimov fúnra rẹ̀ rí àbùkù náà, ó sì fi obìnrin méjì, Bayta àti Arkady, sínú àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e. Bí Gaal bá jẹ́ ọkùnrin, bó jẹ́ obìnrin, kò sí èrò kan nínú ìwé náà tó yí padà.

Ohun tó yí padà ni iṣẹ́ tí wọ́n fún Salvor, ibẹ̀ ni mo sì ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ka ìwé. Hardin tí Asimov kọ jẹ́ olóṣèlú tó ń mu sìgá, olórí ìlú kékeré tí kò ní ọmọ ogun. Ìjọba mẹ́rin tó lágbára jù ú lọ yí i ká. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gbà á, ó lọ bá àwọn mẹ́ta yòókù, ó bi wọ́n bóyá wọ́n máa fara mọ́ ọn kí ẹ̀kẹrin gba ìmọ̀ Terminus mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò yìnbọn kan. Nígbà tó di 30 ọdún lẹ́yìn náà, ó ti sọ sáyẹ́ǹsì di ẹ̀sìn láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀, débi pé nígbà tí ọ̀tá fẹ́ fi ọkọ̀ ogun kọ lù ú, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà kọ̀ láti jà torí ẹ̀rù èèwọ̀. Salvor inú eré jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn àbímọ́ni dá lọ́lá. A tún wá gbọ́ pé ọmọ bíbí inú Gaal ni. Ẹ̀bi òṣèré náà kọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń gba ìlú là bá jẹ́ àyànmọ́ ẹ̀dá tó ní ẹ̀jẹ̀ àrà ọ̀tọ̀, kí ni wọ́n wá ń fi ìṣirò Seldon ṣe? Ti Cleon fi ojú èèyàn sí ara èrò ìwé, ti Salvor gbá èrò náà dànù, ó fi ìbọn rọ́pò rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n á fi máa fa ara wọn láàmú pẹ̀lú irú ìwé báyìí, dípò kí wọ́n kọ tuntun? Owó ni. Game of Thrones parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Apple sì ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń wá ìtàn gígùn tó ní ayé tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu èèyàn. Ìwé àtijọ́ ní òǹkàwé tó ti ń dúró dè é. Ó tún ní oníǹkan: ẹ̀tọ́ lórí Foundation ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ajogún Asimov, ẹni tó bá sì ra àṣẹ lọ́wọ́ wọn mọ̀ pé òun nìkan lòun máa ṣe é. Ẹ fi wé The War of the Worlds tí H. G. Wells kọ ní 1898. Wells kú ní 1946, ìwé rẹ̀ di ti gbogbo ayé ní Britain nígbà tí 2017 wọlé. Ní 2019 nìkan, síríìsì méjì ló jáde lórí rẹ̀: BBC gbé tirẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún pẹ̀lú aṣọ àtijọ́, Canal+ àti Fox sì gbé tiwọn sí ayé òde òní tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìwé mọ́.

Ohun kan tún wà tí òǹwòran kì í sábà rò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ní òpin. Síríìsì, ọwọ́ olówó ni òpin rẹ̀ wà. Kindred, tí Octavia Butler kọ ní 1979, ń sọ ti obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí agbára kan ń fà padà láti California sí oko ẹrú ní Maryland. Ìtàn tó pé ni, kò gùn. FX ṣe é ní apá mẹ́jọ, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n fi òpin rẹ̀ sílẹ̀ de síísìn kejì, nígbà tó sì di oṣù Kíní ọdún 2023 wọ́n fagi lé e. Ẹni tó bá wò ó láìka ìwé, àárín ọ̀nà ló wà títí dòní. Ti The Handmaid's Tale rí lódì kejì: ìtàn inú ìwé Margaret Atwood ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní síísìn kìíní ní 2017, owó wọlé, ẹ̀bùn wọlé, wọ́n sì fà á dé síísìn kẹfà ní 2025.

Butler kan náà ló kọ ìwé tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n ti ṣe ṣáájú Foundation. Wild Seed bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1690, ó sì lọ ju 100 ọdún lọ títí dé Amẹ́ríkà. Ẹ̀dá méjì ló gbé e dúró: Anyanwu, obìnrin Igbo tó lè yí ara rẹ̀ padà, àti Doro, ẹ̀mí tó ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Kò sí èyí tí ọjọ́ ogbó ń pa nínú àwọn méjèèjì. Òṣèré obìnrin kan lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀rọ oorun kò sí níbẹ̀, ẹ̀dà ọba kò sí níbẹ̀. Amazon kéde ní 2019 pé àwọn fẹ́ ṣe é, pé Nnedi Okorafor àti Wanuri Kahiu ló máa kọ ọ́, pé ilé-iṣẹ́ Viola Davis sì wà níbẹ̀. A ṣì ń retí. Ní ọdún 2019 yẹn náà ni Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke fún Rosewater, ìtàn ìlú kan ní Nàìjíríà tó hù yí ohun kan tó ti òfuurufú wá ká. Ojú ìwòye ẹnì kan ṣoṣo, Kaaro, ni wọ́n fi sọ ọ́. Tẹlifíṣàn fẹ́ràn irú ìyẹn.

Àwọn kan gbà pé tí èèyàn bá tẹ̀ lé ìwé ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìjà máa parí. Ti Liu Cixin jẹ́ ká rí ìdáhùn sí ìyẹn, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe ìwé rẹ̀, The Three-Body Problem, láàárín nǹkan bí ọdún kan. Tencent ní Ṣáínà ṣe é ní apá 30 ní 2023, wọ́n sì tẹ̀ lé ìwé náà tímọ́tímọ́. Netflix ṣe é ní apá mẹ́jọ ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí London, wọ́n sì pín iṣẹ́ onímọ̀ kan inú ìwé fún àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún. Ti Tencent fara balẹ̀, nígbà mìíràn bíi kó o máa ti ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣí. Ti Netflix sáré jù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tó ní òun ò yí nǹkan padà ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yí ìwà ipá tó ṣẹlẹ̀ nígbà Ìyípadà Àṣà ti Mao, olórí Ṣáínà nígbà náà, ká, nígbà tí èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ayípìtàn-padà bẹ̀rẹ̀ lórí pèpéle náà gan-an, níbi tí wọ́n ti lu ọ̀jọ̀gbọ́n kan pa lójú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Títẹ̀lé ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye ojú ewé nìkan.

Síísìn kẹta Foundation ló wá dé ibi tí ìwé àti tẹlifíṣàn ti lè bá ara wọn ṣọ̀rẹ́. Ní 1945, Asimov kọ ìtàn kan tó fi ba ètò ara rẹ̀ jẹ́: ẹ̀dá kan yọ tí wọ́n ń pè ní Mule, tó lè wọ inú ọkàn èèyàn kó sì yí ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù ibẹ̀ padà. Ìṣirò Seldon kò mọ̀ ọ́n, torí pé ẹnì kan ni, kì í ṣe ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ibi kan ṣoṣo tí Asimov ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dojú ayé rú nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn òṣèré ti rí nǹkan jẹ. Wàhálà tó kù ni pé àṣírí ẹni tí Mule jẹ́ ni gbogbo adùn ìtàn náà, ó sì ti lé ní 75 ọdún tí àwọn òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n. Àwọn òǹkọ̀wé eré mọ̀ pé a ti mọ̀. Wọ́n yí ìdáhùn padà ní apá tó kẹ́yìn, mi ò sì ní sọ ọ́ níhìn-ín. Ohun tí mo lè sọ ni pé àyípadà yẹn dá ohun tí òǹkàwé 1945 ní padà fún òǹkàwé 2025: a kò mọ ohun tó ń bọ̀.

Goyer ti fi ipò ọ̀gá eré sílẹ̀. Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwé Second Foundation níwájú wọn, àti méjì tí Asimov kọ nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ní 1982 àti 1986. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tán. Nínú 1,000 ọdún tí Seldon ṣèlérí, ibi tó kẹ́yìn tí Asimov bá a dé kò ju 500 ọdún lọ. Kò tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn ló padà sí, ó kọ ìwé méjì nípa ìgbà tí Seldon ṣì wà láyé, èkejì sì jáde ní 1993, lẹ́yìn tó ti kú. Gregory Benford, Greg Bear àti David Brin gba àṣẹ láti kọ mẹ́ta sí i ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ayé Seldon ni àwọn náà padà sí. Bí Apple bá fẹ́ dé ìparí ẹgbẹ̀rún ọdún yẹn, kò sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni máa ṣí láti bá wọn jà.